Igbó tí Wọ́n Fá Irun Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kò lè rí igi tí nǹkan mìíràn hù sí lára kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó ni. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, àfòmọ́ wọ oko kòkó bàbá rẹ̀. Àfòmọ́ kì í fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ara igi ẹlòmíràn ni ó ń jókòó sí, oúnjẹ igi náà ni ó sì ń jẹ. Bàbá rẹ̀ rí i, ó ní kò burú, ó ní ọwọ́ òun yóò kàn án bí òjò bá dá. Òjò dá, ọwọ́ bàbá kò kàn án. Ẹ̀ka ń gbẹ, igi ń tẹ̀lé e, títí gbogbo oko fi di igi ìdáná, ìbànújẹ́ náà ló sì gbé bàbá lọ. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ òun kò ní ti ipa ìjókòó tẹtẹrẹ kú.

Ó mú àdéhùn náà ṣẹ. Nígbà tí ó ní oko tirẹ̀, kò sí oko tó mọ́ tó o ní gbogbo àgbègbè òkè yẹn. Ó ń gun igi kòkó kọ̀ọ̀kan, ó ń gé àfòmọ́, ó ń fi ẹ̀yìn àdá ha ara igi títí yóò fi máa dán. Àwọn èèyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá fẹ́ bà lé kòkó rẹ̀, àfi kí ó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Olóko-mímọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde lọ.

Ìlú tí ó ń gbé wà ní èjìká òkè, níbi tí òjò ti ń pọ̀, tí kùrukùru kì í sì í ká títí oòrùn yóò fi ga. Lókè ìlú náà, ní orí òkè gan-an, igbó àtijọ́ kan wà. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbìn ín, nítorí kò sí ẹni tó gbìn ín. Àwọn igi ibẹ̀ ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí inú ọ̀pọ̀ wọn ti dihò, tí apá wọn sì ti wọ́. Láti ìdí dé ṣóńṣó ni ewé wínníwínní kan bò wọ́n, irú èyí tí í máa hù lára òkúta etí odò tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀. Ó nípọn bí ẹní, ó rọ̀ bí òwú, kò sì sí ìgbà tí kì í tutù. Irun igi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òmu tí ewé rẹ̀ dà bí ìyẹ́ ẹyẹ hù sórí irun náà, òdòdó kéékèèké sì hù sáàárín òmu. Nísàlẹ̀, ìtì igi tó ti wó láti ayébáyé sùn léra wọn, wọ́n ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Omi ń kán níbẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Lábẹ́ àpáta kan nínú igbó yẹn ni odò tí gbogbo ìlú ń mu ti ń sun.

Ìlú náà máa ń yan ẹnì kan ṣe olùṣọ́ igbó. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà, bàbá arúgbó kan, kú lásìkò òjò. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò gùn. Ẹnì kan béèrè pé ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti Olóko-mímọ́ lọ, kò sì sí ẹni tó lè dárúkọ ẹlòmíràn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Baálẹ̀ gbé àdá olùṣọ́ igbó lé e lọ́wọ́.

“Inú igbó yìí ni omi wa wà,” Baálẹ̀ wí. “Ó bá àwọn bàbá wa láàyè, ó bá àwa náà láàyè. Má jẹ̀ẹ́ kí ó kú mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkùnrin náà gbé sùn, òun náà ni ó gbé jí. Bí wọ́n bá ti sọ pé kí ó máa ṣọ́ igbó, bóyá ìbá ti sinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó kú. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́, gbogbo igi tí ó ń wò, kòkó bàbá rẹ̀ ni ó ń rí. Ó fi ọwọ́ kan ara ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ rì wọnú irun tútù títí dé ọrùn ọwọ́. Àyà rẹ̀ já. Ó wo òkè, kò rí èèpo igi níbì kankan, àfi nǹkan tó hù sórí nǹkan tó hù sórí igi. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ṣáájú òun ti sùn, àfòmọ́ sì ti ń jẹ àwọn igi yìí níṣojú rẹ̀.

Síbẹ̀ kò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan òkú láìgbọ́ tẹnu ará ilé rẹ̀. Ó lọ bá opó olùṣọ́ náà, tí ilé rẹ̀ wà létí igbó. Ìyá náà ń bó ẹ̀gúsí. Ọkùnrin náà kí i dáadáa, ó sì bi í pé kí ni olóògbé máa ń ṣe nínú igbó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

“Ó ń jókòó,” ni ìyá náà wí.

“Yàtọ̀ sí ìjókòó ńkọ́, ìyá?”

“Ó ń lé èèyàn. Ó lé àwọn tó fẹ́ fi iná wá oyin. Ó lé àwọn tó fẹ́ la pákó. Ó lé èmi náà. Ọkọ mi ni olùṣọ́ igbó, igi gbígbẹ kún ẹ̀yìnkùlé mi, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ni mo ti ń ru igi ìdáná wálé. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.”

Ọkùnrin náà béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ́gi.

“Ó ní àwọn igi kéékèèké ń mu ọmú lára èyí tó wó. Èmi kò bá a jiyàn. Ọkùnrin tó bá ní òkú igi ń fún ọmọ lọ́mú, kí lo fẹ́ bá a fà sí?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì bọ́ sọ́nà. Bí ó ti ń lọ, ó dá a lójú pé òun ti gbọ́ ohun tí òun wá gbọ́. Ọ̀lẹ ni olóògbé, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń sọ ọ́.

Nígbà tí òjò dá, ó ké sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Ó ti bá gbogbo wọn ro oko, ó wá kan àwọn náà láti bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé àdá wá, wọ́n gbé àkàbà wá, àwọn mìíràn mú kànrìnkàn dání bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ. Wọ́n ha irun igi láti ìdí dé ibi tí àkàbà lè dé, lẹ́yìn náà wọ́n gùn lọ sókè. Òmu ń já bọ́, òdòdó ń já bọ́. Ihò tí wọ́n bá rí lára igi, wọ́n fi amọ̀ dí i, kí jíjẹrà má bàa wọnú lọ. Ẹ̀ka tó bá ti gbẹ, wọ́n gé e. Ní ti àwọn ìtì tó wà nílẹ̀, ọkùnrin náà ní kí àwọn obìnrin ìlú wá kó wọn. Inú wọn dùn. Wọ́n ń kọrin gòkè, wọ́n ń kọrin sọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn igi wẹ́wẹ́ tó ti hù sí ẹ̀yìn ìtì wọ̀nyẹn, wọ́n fà wọ́n tu, wọ́n jù wọ́n sẹ́yìn.

Opó náà gòkè wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó dúró, ó ń wo igi ńlá kan tí wọ́n ti ha tán. Ara igi náà funfun, ó sì ní ọgbẹ́ níbi tí àdá ti wọlé jù.

“Níbi tí wọ́n ti bí mi,” ni ó wí, “òkú àti ọmọ tuntun nìkan là ń fá irun wọn láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Èwo ni igi yìí nínú méjèèjì?”

Àwọn aláàáró rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé aláìsàn ni igi náà, àwọn ń tọ́jú rẹ̀ ni.

“Ṣé òun ló sọ fún ọ pé ara òun kò dá?”

Ọkùnrin náà ka ìbéèrè náà sí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń gbèjà ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó sì ní kí wọ́n fún un ní ìtì kan gbé lọ. Ìyá náà kò gbé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà gòkè wá wò ó. Oòrùn tàn sí ilẹ̀ tí kò tàn sí rí. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀rẹ̀ igbó ń rí ẹni tó wà ní òpin rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí igbó ti yẹ kó rí nìyí, wọ́n ní ojú ti àwọn pé àwọn ti fi í sílẹ̀ báyẹn láti ọjọ́ yìí. Wọ́n gbàdúrà fún ọkùnrin náà. Ó padà sílé, oorun tó sùn lọ́jọ́ náà kò ní àlá.

Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Kùrukùru ń gòkè wá ní àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò dì í mú. Tẹ́lẹ̀, irun igi a máa fa omi inú rẹ̀ mu, a máa ro ó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún gbòǹgbò. Báyìí, ó ń dé bí àlejò tí kò bá onílé nílé, ó sì ń kọjá lọ sí òdì kejì òkè. Omi kò kán mọ́ nínú igbó náà. Ọkùnrin náà ṣàkíyèsí ìdákẹ́jẹ́ yẹn kí ó tó mọ ohun tó dákẹ́.

Àwọn àgbìgbò padà dé, àwọn ẹyẹ olórí ńlá tó ń fi ihò igi ṣe ilé. Wọ́n bá amọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fò yí igi ká, wọ́n ń kígbe, lẹ́yìn náà wọ́n lọ. Àwọn ni wọ́n ń jẹ èso igi wọ̀nyẹn tí wọ́n sì ń su kóró rẹ̀ káàkiri. Láti ọjọ́ náà, èso igi ń já sí ìdí ìyá rẹ̀, ó ń jẹrà síbẹ̀.

Òjò wá rọ̀. Ọkùnrin náà ti ń retí rẹ̀, ó rò pé òjò yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìtì tó lè dá ọ̀gbàrá dúró, kò sì sí òmu tó lè gba ojú òjò kí ó tó balẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà ti ń kó jọ láti ayé àwọn bàbá ńlá, ọ̀gbàrá gbé e. Odò ìlú pupa bí omi osùn. Ó kún lójijì, ó gbé ọgbà ẹ̀fọ́ ẹnì kan lọ, nígbà tí òjò sì dá, òun náà dá. Àwọn igi tí àdá ti ha lára jù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èèpo wọn sílẹ̀. Kòkòrò wọ inú wọn. Ìjì àkọ́kọ́ bì ọ̀kan tó dàgbà jù lulẹ̀, ariwo rẹ̀ sì kan ìlú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, odò náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Nígbà tó yá, ó di òkúta tútù. Nígbà tó tún yá, òkúta náà gbẹ.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pọnmi ní àfonífojì, lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyàwó ọkùnrin náà wà lára wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gòkè dé pẹ̀lú ìkòkò tí kò ju ìlàjì lọ, nítorí ó ti ṣubú lọ́nà. Eékún rẹ̀ bó. Ó bu omi sínú ife, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀ kí ó tó mu tirẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà gba ife náà. Kò lè mu ún, kò sì lè gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó mú kí àwọn èèyàn máa wò ó lójú àánú. Ó lọ sí etí odò ìlú mìíràn, ó ṣí irun tútù lára àwọn òkúta ibẹ̀, ó kó o sínú agbọ̀n, ó rù ú gòkè. Ó ń fi okùn ọ̀pẹ dì í mọ́ ara igi, bí ẹni ń di ọgbẹ́. Ó ń pọnmi láti àfonífojì, ó ń wọ́n ọn sí i. Bí oòrùn bá ti tàn sí i, yóò di àwọ̀ ilẹ̀, yóò bọ́. Yóò tún lọ. Ó rántí àwọn ìtì. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn obìnrin pé bí ó bá ku díẹ̀ nínú igi tí wọ́n kó, kí wọ́n dá a padà.

Ọ̀kan nínú wọn sinmi ọwọ́ lórí odó, ó wò ó.

“Bàbá Ọmọ́tádé,” ó wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, “ṣé kí n bu eérú fún yín?”

Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ilé opó olùṣọ́. Ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní ìlú ìsàlẹ̀ ti ní kí ó máa bọ̀, nítorí ara arúgbó kò lè gba ọ̀nà omi yẹn. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí ìyá dárí jì òun. Ó ní ìfẹ́ ló mú òun ṣe é, ẹ̀rù ló mú òun ṣe é. Ó ní bí olóògbé bá fi ọ̀nà kan hàn án tí a fi ń tún irú igbó bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ó sọ ọ́ fún òun, ì báà ṣe pé yóò gba gbogbo agbára òun.

Ìyá náà ní kí ó dìde. Kò dìde.

“Ọkọ mi kò mọ bí wọ́n ti ń tún un ṣe,” ni ó wí. “Bí a kì í ti í bà á jẹ́ nìkan ló mọ̀.”

Ọkùnrin náà béèrè bóyá yóò padà hù láé.

“Ó lè hù. Kò ní ṣojú mi. Kò sì ní ṣojú rẹ.”

Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn ilé mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó ku ìwọ̀nba èèyàn, ọkùnrin náà gbé àdá olùṣọ́ igbó lọ sílé Baálẹ̀ láti dá a padà. Baálẹ̀ kò bínú sí i. Bóyá ìbá sàn fún un bí ó bá bínú. Ó wo àdá náà, ó wo ọkùnrin náà, ó sì gbé ojú kúrò.

“Máa gbé e lọ,” ni Baálẹ̀ wí. “Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Kí ni ẹni náà yóò máa ṣọ́?”

Arákùnrin mi, ìwọ ni mo torí rẹ̀ pa ìtàn yìí. Èmi kò sọ pé kò sí àfòmọ́ láyé. Ó wà. Òun ló pa kòkó bàbá ọkùnrin yẹn, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ igi àti ohun tó ń bu omi fún igi, ara igi kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, bí èèyàn bá sì dúró lókèèrè tí ẹ̀rù ń bà á, kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Wọ́n sin bàbá rẹ, agbo ilé di tìrẹ. Mo gbọ́ pé o ti ń wo yàrá kọ̀ọ̀kan, o ń béèrè iṣẹ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ ń ṣe. Ìyá arúgbó tó ń gbé ní ẹ̀yìn, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó máa ń wá jẹ ẹ̀kọ ní àárọ̀ tí kò sì tètè ń lọ. Àbúrò rẹ tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá, tí ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀. O ní wọ́n so mọ́ ọ lọ́rùn. O ní o fẹ́ kí ilé mọ́.

Ó lè jẹ́ pé àfòmọ́ wà nínú wọn. Èmi kò gbé ilé yín. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọmọ rẹ ń sá lọ bá nígbà tí o bá na wọ́n? Ta ni ìyàwó rẹ àti ti àbúrò rẹ kejì máa ń wo ojú rẹ̀ tí ìjà wọn kì í fi í dé ìta? O kò tíì gbọ́ ìró omi tiwọn rí, nítorí kò tíì dá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ.

Ohun tó pẹ́ kó tó hù kì í pẹ́ ní híha. Bí o bá ha wọ́n dànù, má wá bi mí bí a ti ń so wọ́n padà. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.